Ìgbín òkun kan, orúkọ mẹ́rin: kí ló fà á?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Florida ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Páálí ẹran kọ́ǹkì tó ti dì gbagidi ló rà lọ́jà àwọn ará Caribbean, Strombus gigas ni wọ́n kọ sí i lára. Ó tún wá ya ojú ìwé ìròyìn kan kún un, Aliger gigas ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní tiẹ̀, wọ́n ní ó ti wà nínú ewu. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ tó o fẹ́ràn ìwé, èwo ni mo fi jẹ ẹ̀bà lánàá?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Tẹ́ ẹ bá wá a dáadáa, ẹ máa tún rí Lobatus gigas àti Eustrombus gigas, orúkọ mẹ́rin ló ti di yẹn, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á rò pé ìgbín mẹ́rin ni. Ìgbín kan ṣoṣo ni o. Òun náà ló ń jẹ́ kuín kọ́ǹkì lẹ́nu àwọn ará Bahamas, lanbi ní Háítì, cobo ní Kúbà. Ìgbín yẹn ò yí padà rárá, àwọn tó ń to ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń tún un tò, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kọ́ǹkì fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò lọ́nà. Orúkọ ọjà ni kọ́ǹkì, kì í ṣe orúkọ sáyẹ́ǹsì. Ó dà bí ìgbà tí à ń sọ pé a fẹ́ ra Títù lọ́wọ́ oníẹja inú yìnyín, gbogbo wa la mọ ohun tá a fẹ́ rà, àmọ́ ẹ ò lè rí Títù nínú ìwé onísáyẹ́ǹsì kankan.

Ìgbín òkun tó bá ṣáà ti tóbi, pàápàá tó bá ṣeé fun bíi fèrè, àwọn òyìnbó á pè é ní kọ́ǹkì, wọn ò ní béèrè ta ni bàbá ẹ̀. Ẹ wo "kọ́ǹkì ẹṣin" tó wà ní Florida, tí ìpínlẹ̀ yẹn fi ṣe ìkarahun ìpínlẹ̀ wọn ní 1969. Ó lè gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹran ló sì ń jẹ, ìgbín ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń pa jẹ, kódà ó ń pa kuín kọ́ǹkì jẹ. Kuín kọ́ǹkì ní tiẹ̀ kì í jẹ ẹran rárá, ewéko inú òkun ló ń jẹ kiri bí ewúrẹ́. Ẹni tó ń pa yín jẹ, orúkọ kan náà lẹ jọ ń jẹ́ lọ́jà! Èyí tí àwọn Híńdù ní Íńdíà ń fun nílé òrìṣà wọn tún yàtọ̀, Turbinella pyrum ni. Syrinx aruanus tó wà ní àríwá Ọsirélíà, tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, tí kò sí ìgbín oníkarahun kankan láyé yìí tó tóbi tó o, ìran kan náà ni òun àti ti Íńdíà yẹn, kò bá kuín kọ́ǹkì tan ní tòsí.

Ní Háítì ńkọ́, lanbi yìí ni àwọn ẹrú tó sá wọ igbó máa ń fun láti pe ara wọn. Ère kan wà ní Port-au-Prince láti 1967, ọkùnrin tó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó já ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, tó gbé lanbi sẹ́nu. Àwọn èèyàn tiwa náà wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù yẹn, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.

Ìran, agboolé, ọmọ ilé

Ohun mẹ́ta péré lẹ nílò láti mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín.

Ìran ni àkọ́kọ́. Ìran tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ń jẹ́ Strombidae, kọ́ǹkì tòótọ́ làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe gbogbo wọn. Inú ìran yẹn ni agboolé wà, oríṣiríṣi, Strombus jẹ́ ọ̀kan, Lobatus jẹ́ ọ̀kan, Aliger jẹ́ ọ̀kan. Inú agboolé kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ilé wà, gigas jẹ́ ọmọ ilé kan.

Tí wọ́n bá wá kọ orúkọ ìgbín, orúkọ agboolé á ṣáájú, orúkọ ọmọ á tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ wa nílé ìwé, "Adéyẹmí Bọ́lá". Orúkọ ọmọ kì í sábà yí padà. Orúkọ agboolé ló máa ń yí, tí wọ́n bá ṣàwárí pé ilé tí wọ́n kọ ọmọ sí kọ́ ni ilé ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí i pé gigas ò kúrò nínú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, iwájú ẹ̀ nìkan ló ń yí.

Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ báyìí, Aliger gigas (Linnaeus, 1758), ẹ wo àkámọ́ yẹn dáadáa. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó sọ ọ́. Àkámọ́ yẹn ló ń sọ fún yín pé ọmọ yìí ti kó kúrò nílé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Tí kò bá sí àkámọ́, ó ṣì ń gbé ilé tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ sí nìyẹn. Strombus pugilis kò ní àkámọ́ ní tiẹ̀, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó gbogbo wọn sínú ilé kan

Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1758. Òun ló gbé ètò orúkọ méjì-méjì yìí kalẹ̀ fún ẹranko. Ìkarahun ló ń wò, kò rí ẹran inú ẹ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ wọn, ta ló máa bá a wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun Jàmáíkà nígbà yẹn? Torí náà ìgbín tí ètè ìkarahun ẹ̀ bá ti ṣe bákan, tó fẹ̀ síta, ó sọ ọ́ sínú Strombus. Ó kó ti inú òkun, ó kó ti inú omi dídùn, ó kó ti inú ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, kódà ó kó èyí tí ètè ẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ òfù, tí wọ́n rí i lẹ́yìn náà pé ìran mìíràn pátápátá ni.

Mi ò bá a wí o. Ìkarahun ló rí, ìkarahun ló fi ṣèdájọ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn àjèjì jáde níkọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku àwọn tó jọra lóòótọ́. Síbẹ̀ agboolé Strombus ṣì kún fọ́fọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé ìkarahun ayé àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ máa rí i pé gbogbo wọn, ti Caribbean o, ti Bràsíl o, ti Òkun Íńdíà o, ti ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà wa níbí o, Strombus ni gbogbo ẹ̀.

Ilé tú ká nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò

Agboolé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Strombus tó ń jẹ́ Lambis. Àwọn yìí ní ìka gígùn gígùn tó yọ jáde létí ìkarahun wọn, bí aláǹtakùn, Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì nìkan ni wọ́n sì wà. Ẹ má fi wọ́n ṣe lanbi ti àwọn ará Háítì o, orúkọ ló jọra, lanbi Háítì ò ní ìka rárá, kò sì sí ọmọ agboolé Lambis kankan ní gbogbo Caribbean. Èyí nìkan ti da ọ̀pọ̀ èèyàn rú.

Linnaeus pe baba àwọn oníka yìí ní Strombus lambis. Ní 1798 ẹlòmíràn ní rárá, ẹni tó ní ìka báyẹn ò lè jẹ́ ọmọ ilé Strombus, ó bá kọ́lé tiwọn fún wọn. Ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún igba ọdún ó lé.

Nígbà tó di 2006, àwọn onímọ̀ kan mú jíìnì méjì, ìyẹn ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìran yìí, wọ́n fi wéra. Ohun tí wọ́n rí nìyí: àwọn Lambis yìí kì í ṣe aládùúgbò Strombus, inú Strombus gan-an ni wọ́n ti jáde wá. Àwọn Strombus kan tó wà ní Òkun Íńdíà bá Lambis tan ju bí wọ́n ṣe bá kuín kọ́ǹkì ti Caribbean tan lọ.

Ẹ fojú inú wò ó nínú ẹbí tiwa. Ká ní bàbá àgbà kan bí ọmọ mẹ́rin. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn wá ń múra lọ́nà tó yàtọ̀, wọ́n bá ní òun kì í ṣe ọmọ ilé yìí, àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jọ mu ọmú kan náà ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé. Kò tọ́ àbí? Ohun méjì péré lẹ lè ṣe. Ẹ mú oníka náà padà wọlé kí gbogbo wọn jọ máa jẹ́ Strombus, gẹ́gẹ́ bí Linnaeus ṣe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pín ilé ńlá yẹn sí kéékèèké, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiẹ̀. Pínpín ni wọ́n yàn. Èmi ìbá fara mọ́ èkíní, torí ó máa dín wàhálà kù, àmọ́ ilé yẹn á wá tóbi débi pé orúkọ ẹ̀ ò ní sọ nǹkankan fún wa mọ́.

Ta ló wá ni orúkọ Strombus?

Òfin kan wà tó ń darí ẹ̀. Agboolé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọmọ kan tó jẹ́ baálé. Ibikíbi tí baálé bá lọ, orúkọ ilé á bá a lọ. Baálé Strombus ni Strombus pugilis tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan, kọ́ǹkì kékeré kan tó máa ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni ń jà tẹ́ ẹ bá gbé e. Nígbà tí ilé pín, òun ló gbé orúkọ lọ, àwọn tó bá a tan tímọ́tímọ́ nìkan ló tẹ̀ lé e, kò pọ̀ rárá. Kuín kọ́ǹkì tó lókìkí jù, tí gbogbo ayé mọ̀ ní Strombus, bá ara ẹ̀ níta.

Ibẹ̀ ni orúkọ mẹ́ta yòókù ti wọlé, ẹ fara balẹ̀ níbí torí ibí yìí ló díjú jù, tó bá yé yín ẹ ti mọ̀ ju ọ̀pọ̀ oníròyìn lọ.

Orúkọ ilé mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fún un. Lobatus ti wà láti 1837, baálé ẹ̀ ni ìgbín kan tó ń jẹ́ raninus. Aliger dé ní 1929, baálé ẹ̀ ni gallus, tí ètè ìkarahun ẹ̀ ga sókè bí ìrù àkùkọ. Eustrombus dé ní 1940, baálé ẹ̀ ni gigas fúnra ẹ̀. Òfin kejì sì ní tí baálé méjì bá bá ara wọn nínú ilé kan náà, orúkọ tó dàgbà jù ló máa borí.

Ẹ wá wò ó báyìí. Tẹ́ ẹ bá gbà pé gigas dá ilé tiẹ̀ gbé, Eustrombus ló máa jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní òun àti gallus jọ ń gbé ni, Aliger ló dàgbà ju Eustrombus, torí náà Aliger. Tẹ́ ẹ bá tún wá fẹ ilé náà títí kan raninus, Lobatus ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn, òun ló máa borí. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí wọ́n mọ ògiri sí ló fà á. Ní 2008 àwọn kan mọ ògiri tó fẹ̀, wọ́n ní Lobatus, ó sì ràn kálẹ̀. Ní 2020 àwọn mìíràn tún gbogbo kọ́ǹkì Amẹ́ríkà àti ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yẹ̀ wò, wọ́n fa ògiri náà wọlé, gigas àti gallus jọ wà nínú ẹ̀, Aliger nìyẹn. Òun ló wà lójú ọpọ́n báyìí.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Gbogbo wọn gbà pé ìbátan ni wọ́n, bí ìbátan náà ṣe jìn tó kí wọ́n tó kọ́ ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jà sí.

Báwo lẹ ṣe lè dá ọmọ ìran yìí mọ̀?

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ jíìnì. Ẹ wo etí ìkarahun, lápá ìsàlẹ̀ níbi tí orí ìgbín ti ń yọ jáde, ẹ máa rí i pé ó jẹ wọlé díẹ̀, bí ìgbà tí eku fi eyín bù ú jẹ. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀tún ẹ̀ ti ń yọ wo ìta. Ojú kọ́ǹkì tòótọ́ dára gan-an, orí ọ̀pá ló wà, ó ní àwọ̀ róbótó róbótó, tẹ́ ẹ bá sì gé e kúrò, òmíràn á hù.

Èkejì ni ilẹ̀kùn. Ìgbín òkun púpọ̀ ní ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń ti ara wọn mọ́lé, àmọ́ ti ìran yìí tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ bí dòjé, kò lè di ẹnu ọ̀nà. Ó fi ń rìn ni. Ó máa gún un mọ́ yanrìn, á wá fi agbára ti ara ẹ̀ síwájú, gbì, bí àwọn ará Mákòkó ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ìgbín tiwa tó ń wọ́ nílẹ̀ ò lè ṣe irú ẹ̀.

Ó tún yàtọ̀ sí ìgbín tiwa lọ́nà kan tó ṣe pàtàkì. Ìgbín inú oko wa, akọ àti abo ló jọ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kọ́ǹkì ò rí bẹ́ẹ̀, akọ ń bẹ lọ́tọ̀, abo ń bẹ lọ́tọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Èwo ló wà lọ́dọ̀ wa?

Ọ̀kan ṣoṣo. Ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà tó kọjú sí Àtìláńtíìkì, láti ọ̀nà Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà, kọ́ǹkì tòótọ́ kan ló wà, òun náà sì ti jẹ orúkọ bí ẹni tó ń sá fún onígbèsè: Strombus latus, Strombus bubonius, Persististrombus latus, Thetystrombus latus. Kò tóbi tó ti Caribbean. Ohun tó yani lẹ́nu nípa ẹ̀ ni pé wọ́n ń rí òkú ìkarahun ẹ̀ nínú òkúta létí òkun Ítálì àti Sípéènì, láti nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi ibẹ̀ gbóná tó láti gbà á. Nígbà tí ibẹ̀ tún tutù, ó kú tán lọ́hùn-ún, ó ku tiwa.

Cymbium ńkọ́, ìgbín òkun ńlá tí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ń pè ní yét, tí wọ́n ń fi sínú ìrẹsì? Kì í ṣe kọ́ǹkì, ìran Volutidae ni.

Owó ẹyọ náà, ìgbín òkun ni, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Erékùṣù Maldives ni èyí tó kéré ti wá, ìran tiwọn lọ́tọ̀ ni, Cypraeidae. Cypraea moneta ni Linnaeus pè é ní 1758, Monetaria moneta ló ń jẹ́ báyìí. Torí náà ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílé yìí ti kan nǹkan tí àwọn bàbá wa fi ń ṣírò ọ̀kẹ́ àti ẹgbàá, tí wọ́n ṣì fi ń dá ẹẹ́rìndínlógún títí di òní, nílé àti ní Bràsíl.

Ṣé ó kan ẹni tó ń jẹ ẹ́?

Ó kàn án. Kuín kọ́ǹkì ò tètè dàgbà, ó máa ń tó ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin kó tó yọ ètè fífẹ̀ yẹn, ó sì lè lò tó 25 ọdún láyé tí wọn ò bá pa á. Inú omi tí kò jìn ló máa ń wà, kò lè sá. Àwọn tó ń ka wọn ní Bahamas sì rí i pé níbi tí àgbà wọn ò bá ti tó 56 nínú hẹ́kítà kan, akọ kì í gun abo mọ́, torí wọn ò rí ara wọn. Wọ́n ti fòfin de kíkó wọn pátápátá ní Florida láti àárín àwọn ọdún 1980, síbẹ̀ wọn ò tíì padà pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní oṣù kejì 2024. Ìpele tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ti ẹ̀dá tó lè bọ́ sínú ewu ìparun láìpẹ́, kì í ṣe ti èyí tó ti wà nínú ẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n fòfin de jíjẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aliger gigas ni wọ́n kọ torí wọ́n tẹ̀ lé ti 2020. CITES ní tiwọn, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1992, Strombus gigas ni wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tètè yí orúkọ padà, torí ẹni tó ń lò ó ni òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ ò lè máa pààrọ̀ fọ́ọ̀mù mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà gbogbo tí àwọn onímọ̀ bá wó ògiri.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, pé ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ, àmọ́ wọ́n fẹ́ ra ìkarahun ẹ̀ tí wọ́n bá lọ sí Bahamas lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n fi sí pálọ̀. Ìkarahun mẹ́ta ni CITES gba ẹnì kan láyè láti gbé láìgba ìwé, tó bá jẹ́ fún ara ẹ̀, tí òfin ilẹ̀ tó ń lọ kò bá sì lòdì sí i. Tó bá di mẹ́rin, kí wọ́n lọ gbàwé kí wọ́n tó wọ bàálù, Strombus gigas ni wọ́n á sì bá lórí ẹ̀.